Ológbò Dúdú, Ọmọ Ọdún 12, Tó Ń Géni Jẹ: Ta Ni Yóò Gbà Á?

Ìbéèrè: Ìyá Bọ́lá, tí ń gbé lẹ́bàá Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, kọ̀wé pé iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni òun ń ṣe. Màmá òyìnbó tí ó ń tọ́jú ti kó lọ sí ilé àwọn arúgbó, kò sì lè mú ológbò rẹ̀ dání. Akọ ni ológbò náà, ó dúdú, ó ti pé ọmọ ọdún 12, dókítà ẹranko sọ nígbà kan rí pé ó ní FIV, àrùn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà tí ó sì ń dín agbára ara ológbò láti bá àìsàn jà kù, ó sì máa ń gé àlejò jẹ. Ọmọ màmá ní kí ó gbé e lọ sí ilé ẹranko ìjọba ìlú, níbi tí wọ́n ń kó ajá àti ológbò tí kò nílé sí. Ilé ààbò 2 tí ń pe ara wọn ní èyí tí kì í pa ẹran sì ti kọ̀ ọ́. Ó ń béèrè bóyá òótọ́ ni pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í pa ẹran, ìdí tí wọ́n fi dá òun padà, àti ohun tí ó kù láti ṣe. Ó fi kún un pé: “Bí wọ́n ṣe tọ́ mi, n kì í sún mọ́ ológbò dúdú, ṣùgbọ́n èyí ti ń sùn lẹ́sẹ̀ mi, n kò sì fẹ́ kí wọ́n pa á.”

Ìdáhùn: Ìyá Bọ́lá, mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín fún inú rere tí ẹ ní sí ẹran tí kì í ṣe tiyín. Nítorí pé kì í ṣe tiyín ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Lójú òfin, ohun ìní ni ológbò jẹ́, ẹni tí kò ni í kò sì láṣẹ láti fi í ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Bí ọpọlọ màmá bá ṣì jí pépé, ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì fọwọ́ sí i, pé òun yọ̀ǹda fún yín láti wá ilé fún ológbò òun. Bí kò bá lè ṣe é mọ́, ẹni tí òfin fún láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí ó fọwọ́ sí i. Lẹ́tà kúkúrú ti tó. Nígbà tí ẹ bá ń gbà á, ẹ béèrè orúkọ dókítà ẹranko tí màmá ń lò, kí ẹ sì ní kí ọmọ rẹ̀ pè wọ́n láti yọ̀ǹda ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìlera ológbò náà fún yín. Ìwé yẹn yóò ṣiṣẹ́ fún yín ju bí ẹ ti rò lọ.

Ní ti ilé ààbò, òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n ìlérí wọn kéré sí ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbọ́ nínú rẹ̀. Kò sí ilé ààbò gidi kan tí ó ṣèlérí pé ẹranko kankan kò ní gba abẹ́rẹ́ ikú lọ́dọ̀ òun. Ohun tí wọ́n ṣèlérí ni pé àwọn kò ní pa ẹran tí ara rẹ̀ le, tàbí èyí tí ìtọ́jú lè ràn lọ́wọ́, kìkì nítorí pé àyè ti kún tàbí pé ó ti pẹ́ jù nínú àgò. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ni pé nínú 100 ẹran tí ó bá wọlé, ó kéré tán 90 gbọ́dọ̀ jáde láàyè. Mẹ́wàá tí ó ṣẹ́kù ni wọ́n yọ sílẹ̀ fún èyí tí àìsàn ti dá lóró kọjá ibi tí oògùn lè dé, àti èyí tí ìwà rẹ̀ léwu débi pé a kò lè fi í sí ilé ẹnikẹ́ni.

Ìlú San Francisco ni ètò yìí ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Richard Avanzino, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í darí SPCA, ẹgbẹ́ aládàáni tí ń gbèjà ẹranko ní ìlú náà, ní 1976, ni ó wà nídìí rẹ̀. Obìnrin kan kú, ó sì ti fi sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n pa ajá òun tí ń jẹ́ Sido, kí ó má bàa jìyà lọ́wọ́ àjèjì. Avanzino kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ àti ilé aṣòfin California ní 1980, Sido sì bọ́. Mo mẹ́nu kan ìtàn yẹn nítorí pé kì í ṣe ìkà ni ó mú obìnrin náà sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ màmá yín bá ń sọ pé ó sàn kí ológbò náà kú ju kí ó máa rìn kiri ọwọ́ àlejò lọ, ẹ má ṣe bá a jà, ẹ fi ètò tó dára hàn án. Ní 1994, SPCA àti ilé ẹranko ìjọba San Francisco fọwọ́ sí àdéhùn pé gbogbo ajá àti ológbò tí ara àti ìwà rẹ̀ bá dára yóò rí ilé. Ní ìpínlẹ̀ tiyín níbẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú Austin fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 2010, wọ́n sì dé òṣùwọ̀n 90 ní 2011.

Iṣẹ́ náà ti so èso. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ASPCA, ẹgbẹ́ tí ń gbèjà ẹranko jákèjádò Amẹ́ríkà, ẹran tí àwọn ilé ààbò Amẹ́ríkà ń pa lọ́dún tó mílíọ̀nù 2.6 ní 2011. Nígbà tí ó fi di 2019, ó ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 920,000. Ṣùgbọ́n nínú 920,000 yẹn, ológbò tó 530,000. Nítorí náà, ẹ̀rù tí ń bà yín nípa ilé ẹranko ìjọba kì í ṣe àsọdùn, pàápàá fún ológbò tí ó ti dàgbà tí ó sì ń géni jẹ.

Wàyí o, kí ló dé tí wọ́n fi dá yín padà? Oríṣi ilé méjì ni ó wà. Ilé tí ìjọba ìlú ń ṣe, tàbí tí ó bá ìjọba ṣe àdéhùn, kì í sábà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹran tí wọ́n bá gbé dé; ilé aládàáni, tí owó ọrẹ ń gbé ró, lè sọ pé àyè ti tán. Ó rọrùn fún èyí tí ń yan ẹni tí yóò wọlé láti pa òṣùwọ̀n 90 mọ́, èyí tí kò lè yàn ni ó sì ń ru ẹrù tí èkejì kọ̀. Àìṣòdodo wà níbẹ̀, n kò ní bò ó mọ́ra. Síbẹ̀, n kò dá ilé tí ó sọ fún yín pé òun ti kún lẹ́bi. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni ilé tí kì í kọ ẹnikẹ́ni tí kì í sì í pa ẹran kankan, tí àgò sì wà lórí àgò níbẹ̀, tí ológbò ń lo ọdún mẹ́ta láàárín ògiri irin mẹ́rin tí wọ́n sì ń pe ìyẹn ní ìgbàlà. Bí ẹ bá tún ń wá ilé ààbò, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ológbò àgbà sábà máa ń lò lọ́dọ̀ wọn kí ó tó rí ilé, iye ìdílé tí ń bá wọn gba ẹran sílé fún ìgbà díẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún ológbò tí ó ní FIV. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Mo tẹnu mọ́ ọjọ́ nítorí pé ọjọ́ gígùn nínú àgò ni ọ̀tá ológbò bíi ti màmá yín. Ọ̀pọ̀ ológbò ni ó ti kó fáírọ́ọ̀sì kan láti kékeré, tí ó fara pamọ́ sínú ara wọn láìṣe nǹkan kan. Bí ìpayà bá dé, ó jí, imú á dí, ojú á máa ṣomi. Ológbò tí imú rẹ̀ dí kì í gbóòórùn oúnjẹ, èyí tí kò bá gbóòórùn oúnjẹ kì í jẹun, èyí tí kò bá sì jẹun fún ọjọ́ bíi mélòó kan, pàápàá bí ó bá sanra, ọ̀rá ara rẹ̀ lè ya bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó sì pa á. Yàtọ̀ sí èyí, ìwà rẹ̀ tó burú jù ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò rí. Ológbò tí ó ń sùn lẹ́sẹ̀ yín nílé lè máa kùn kí ó sì máa fọwọ́ gbá ènìyàn lẹ́yìn irin, ohun tí wọ́n bá rí lọ́sẹ̀ yẹn ni wọn yóò sì kọ sínú ìwé rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Netherlands, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, fi hàn pé ológbò tí wọ́n fún ní àpótí láti sá pamọ́ sí nígbà tí ó dé ilé ààbò tètè fara balẹ̀ ju èyí tí kò ní lọ. Páálí lásán ni a ń sọ o, síbẹ̀ àwọn ibi kan kò tíì rí i ṣe.

Fún ìdí èyí, ilé tí ó wà báyìí, tàbí ilé tiyín bí onílé yín bá gbà, ni kí ẹ ti wá ilé fún un, kí ó má ṣe gba inú àgò kọjá rárá bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ padà sọ́dọ̀ ilé 2 tí ó kọ̀ yín pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Ẹ má ṣe ní kí wọ́n gbà á. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi àwòrán àti ìtàn rẹ̀ sí ojú òpó wọn nígbà tí ó ṣì wà lọ́dọ̀ yín, tàbí kí wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdílé tí ń bá wọn tọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn sì dúró fún oògùn àti àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ ilé tí kò ní àgò tó ṣófo ni ó lè ṣe èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè kì í mọ̀.

Kí ẹ tó ya àwòrán kankan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, nítorí pé méjì nínú ohun tí ẹ kà sí àbùkù rẹ̀ lè yí padà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni FIV. Niels Pedersen àti Janet Yamamoto ni wọ́n ṣàwárí fáírọ́ọ̀sì yìí ní yunifásítì Davis ní California ní 1986. Ó bá HIV ènìyàn tan, ṣùgbọ́n kì í ran ènìyàn, kì í sì í ran ajá. Láàárín ológbò, eyín tó wọlé ṣinṣin nígbà ìjà ni ó ń gbé e láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Àwo oúnjẹ tàbí àpótí iyanrìn tí wọ́n jọ ń lò kò tó nǹkan. Èyí ni ó fi jẹ́ pé akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tí kì í jáde, tí kì í sì í jà, lè bá ológbò mìíràn gbé láìkó o ràn án, ọ̀pọ̀ irú wọn sì ń gbó dáadáa. Ohun kan tún wà tí àwọn tí ń gba ẹran kì í sábà mọ̀. Láti 2002 ni wọ́n ti ń ta àjẹsára FIV kan ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní nǹkan bí ọdún 10 sẹ́yìn. Ológbò tí ó bá gba àjẹsára yẹn lè fara hàn nínú àyẹ̀wò tí wọ́n sábà ń lò bí ẹni pé ó ní àrùn náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Pẹ̀lú ọjọ́ orí tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó wà lára wọn. Ibí ni àkọsílẹ̀ ìlera tí mo ní kí ẹ gbà ti wúlò: ẹ wò ó bóyá wọ́n gún un, kí ẹ sì bi dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò mìíràn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da FIV pọ̀ mọ́ FeLV, fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí ń ṣe ológbò, tí ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. FeLV ń gba inú itọ́ ràn, bí àwọn ológbò bá ń fi ahọ́n lá ara wọn tàbí tí wọ́n jọ ń jẹun, ó sì ń gé ẹ̀mí ológbò kúrú ju FIV lọ; èyí tí ó bá ní in gbọ́dọ̀ dá gbé tàbí kí ó bá irú tirẹ̀ gbé. Ẹgbẹ́ Austin Pets Alive! ní ètò fún irú wọn, wọ́n sì ń rí ẹni tí ń gbà wọ́n.

Èkejì ni jíjẹ tí ó ń géni jẹ. Ológbò àgbà tí ń géni jẹ, mo kọ́kọ́ máa ń ronú nípa ìrora kí n tó ronú nípa ìwà. Ní 2002, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwòrán egungun 100 ológbò tí ọjọ́ orí wọn ju ọdún 12 lọ. Wọ́n rí àmì àrùn oríkèé lára 90 nínú wọn. Ológbò kì í tiro bí ajá. Yóò kàn dẹ́kun fífò sórí àga, yóò máa sùn síbi kan, yóò sì bínú bí ẹni tí kò mọ̀ bá fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀. Eyín tí ó ń jẹrà láti ìdí náà ń fa irú ìbínú bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà kí ó wo ẹnu àti oríkèé rẹ̀, kí ó sì wo èékánná rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ológbò tí wọ́n ti gé èékánná rẹ̀ tegungun-tegungun ní kékeré, àṣà tí ìpínlẹ̀ New York fòfin dè ní 2019, kò ní ohun ìjà mìíràn ju eyín lọ. Abẹ́rẹ́ ìrora oríkèé kan tí ń jẹ́ Solensia, tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù, gba àṣẹ FDA, àjọ tí ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, ní 2022. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fún un ní Tylenol tàbí Panadol nílé, ì báà jẹ́ ìdá hóró kan, nítorí pé ó ń pa ológbò.

Ẹ rí i dájú pé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ kò tíì kọjá àkókò, kí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín. Ní Texas, ẹran tí ó bá gé ènìyàn jẹ lè di ẹni tí wọ́n tì mọ́lé fún ọjọ́ 10 láti ṣọ́ ọ. Ẹni tí ó bá sì gé jẹ kí ó wọ awọ, kí onítọ̀hún lọ rí dókítà ènìyàn lọ́jọ́ náà, nítorí pé ojú eyín ológbò ń kẹ̀ kíákíá.

Ní ti dúdú tí ó dúdú, ẹ̀rù tí wọ́n fi tọ́ yín kì í ṣe ti àwa Yorùbá nìkan. Àwọn òyìnbó ti pẹ́ tí wọ́n ń so ológbò dúdú mọ́ àjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní àwọn apá kan ní Britain, oríire ni wọ́n kà á sí bí ó bá pàdé ènìyàn lọ́nà. Àwọn tó ṣèwádìí kò fẹnu kò lórí bóyá dúdú ń jẹ́ kí ológbò pẹ́ nínú ilé ààbò. Àwọn kan rí i, àwọn mìíràn rí i pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Èyí tí ó dá mi lójú ni pé àwòrán rẹ̀ kì í dára nínú yàrá tí iná rẹ̀ ṣókùnkùn, nítorí pé ojú nìkan ni yóò máa dán nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé lọ́sàn-án, lórí aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀rọ ayàwòrán yín bá ojú rẹ̀ dọ́gba, láìtan iná fóònù.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹ má ṣe fi nǹkan kan pamọ́. Ẹni tí ẹ fi FIV pamọ́ fún yóò gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ológbò náà á sì padà sínú àgò tí a ń sá fún. Ẹ kọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ kọ àrùn rẹ̀ àti ohun tí dókítà sọ, ẹ kọ pé ó máa ń gé àlejò jẹ bí wọ́n bá fọwọ́ kan ibi báyìí-báyìí. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá kọ ohun tí ẹ kọ sí mi, pé ó ń sùn lẹ́sẹ̀ ẹni tí ó ti mọ̀. Ẹni tí ó máa ń gba irú ológbò yìí kì í ṣe ìdílé tí ó ní ọmọ kékeré. Ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ dákẹ́, tí kò fẹ́ ọmọ ológbò tí yóò máa gun aṣọ ojú fèrèsé ni ẹ ń wá, tàbí ẹni tí ológbò àgbà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ màmá: ìjọ rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ẹranko tí wọ́n ti ń rí ológbò náà láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn wọn ni ètò Rehome ti ojú òpó Adopt a Pet lórí ayélujára, níbi tí ẹni tó ni ẹran ti ń fi í hàn fúnra rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pé ẹni tí kò sanwó kò ní tọ́jú rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 fi àwọn tí ó sanwó wé àwọn tí kò san, kò sì rí ìyàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ológbò wọn. Owó tí mo fẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ lé lórí wà lọ́dọ̀ ọmọ màmá. Òfin Texas fàyè gba kí ènìyàn ya owó sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹran rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ó dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò: bí ó bá gbà láti san owó oògùn ọdún àkọ́kọ́, ológbò tí ó ṣòro láti gbà á di èyí tí ènìyàn lè rò lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dọ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á, ẹ béèrè orúkọ dókítà ẹranko rẹ̀, ẹ lọ wo ilé rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé bí kò bá bá a mu, ọ̀dọ̀ yín ni yóò dá a padà sí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan dábàá pé kí ẹ fi í fún oko tàbí ilé ìkẹ́rù kí ó máa lé eku. Ètò gidi ni. Ilé ààbò Tree House ní Chicago ti gbé ológbò tí kò fẹ́ ọwọ́ ènìyàn sí irú ibi bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n ológbò tí kò gbé inú ilé rí ni ó wà fún. Arúgbó tí oríkèé ń ro, tí ó ní FIV, kò ní pẹ́ níta.

Bí dókítà bá rí i pé ìrora rẹ̀ kò ṣeé ṣẹ́gun, tí ó sì dábàá abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, kí ó gbà á lórí ẹsẹ̀ yín tàbí ti màmá, ilé ààbò tí kì í pa ẹran pàápàá yóò gbà pẹ̀lú yín. Ọdún 12 nìkan kò tó ìdí fún un, FIV nìkan kò sì tó.

Lọ́jọ́ tí ó bá lọ sí ilé tuntun, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í sínú yàrá kan ṣoṣo, pẹ̀lú aṣọ tí màmá ti wọ̀ rí tí wọn kò tíì fọ̀, oúnjẹ tí ó ti mọ̀, àpótí iyanrìn tí etí rẹ̀ kò ga, àti páálí láti wọ̀. Kí wọ́n má gbé e, kí wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú yàrá náà títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi wá bá wọn. Bí ó bá lo ọjọ́ kan láìjẹun, kí wọ́n mú ẹja díẹ̀ gbóná fún un. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, kí wọ́n pe dókítà láìdúró di ọjọ́ kẹta.